Ìkàyé òpin ọdún nílé iṣẹ́ ọ̀dà: bí ẹ ṣe máa kà á tí àlàfo yóò fi sọ òótọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ́ńtáǹtì ni mí nílé iṣẹ́ kan tó ń po ọ̀dà ní Ọ̀tà. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ọdún ìṣirò wa ń parí, àwọn ọ́dítọ̀ sì máa ń wá wo bí a ṣe ń ka ọjà. Lọ́dún tó kọjá, ohun tí a kà kò bá ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mu: titanium dín, calcium lé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye tí ọ̀dà inú míkísà jẹ́. Ọ̀gá wa ní sítọ́kípà ni yóò san án. Báwo la ṣe máa ka tọdún yìí tí yóò fi péye, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní jìyà ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ká tó débi ètò ìkàyé, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ sọ yìí dáadáa: titanium dín, calcium lé. Ẹ má pín in sí wàhálà méjì. Nínú ọ̀dà emulsion, ìyẹn ọ̀dà ògiri tí a fi omi pò, titanium ló ń jẹ́ kí ọ̀dà bo ògiri, calcium ló ń fún un lára. Tí ẹni tó ń po ọ̀dà bá rí i pé ọ̀dà kò bo ògiri tó, yóò fi titanium kún un, yóò sì dín calcium kù kó má baà ki jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ìlànà ìpo-ọ̀dà tí wọ́n ti kó sínú kọ̀ǹpútà ni kọ̀ǹpútà fi ń yọ èròjà kúrò nílẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá tẹ iye ọ̀dà tó jáde sí i. Kò mọ̀ pé ohun mìíràn ni wọ́n ṣe nídìí míkísà. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, titanium yóò máa dín, calcium yóò máa lé, láìsí pé ẹnikẹ́ni jí ẹyọ kan.

Ọ̀nà kejì tí irú rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò kílò 25 ni méjèèjì, ìyẹ̀fun funfun sì ni méjèèjì. Tí wọ́n bá to àpò titanium mélòó kan mọ́ ẹ̀yìn calcium, ẹni tó ń kà yóò ka gbogbo rẹ̀ sí calcium. Nítorí náà, ẹ lọ mú ìwé tọdún tó kọjá jáde. Tí iye àpò tó dín níhìn-ín bá jẹ́ iye tó lé lọ́hùn-ún gẹ́lẹ́, àṣìkà ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Tí iye náà kò bá dọ́gba, ṣùgbọ́n tí àlàfo náà, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ẹ kà àti ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ń pọ̀ sí i bí ọ̀dà tí ẹ pò ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń po ọ̀dà.

Irú nǹkan báyìí ni àlàfo máa ń sọ fúnni, kìkì tí ìkàyé fúnra rẹ̀ bá mọ́. Bí ìkàyé bá ti dọ̀tí, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ àṣìkà àti èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ìkàyé ló sì ń ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ẹ dá ẹrù dúró, ẹ gé ìwé

Ohun tó ń ba ìkàyé jẹ́ jù lọ ni ẹrù tó ń rìn nígbà tí ẹ ń kà á. Tí ọjọ́ 31 bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, ẹ má fi dandan kà á lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ọjọ́ Àbámẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù, kí ìpo-ọ̀dà dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ilé iṣẹ́ sì wà ní títì títí ẹ ó fi parí. Èmi kò fara mọ́ kíkà lóru lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko. Ojú tó ti rẹ̀, lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀, kò lè ka ìpele àpò mẹ́wàá mẹ́wàá kó má ṣìkà. Tí ẹ bá ti kà á ṣáájú, ìwé ni ẹ ó fi gbé e dé ọjọ́ 31: bí titanium bá jẹ́ àpò 86 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí 40 wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tí 31 sì lọ sídìí míkísà, 95 ló yẹ kó wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ ṣọ́ ìwé àwọn ọjọ́ mélòó kan tó wà láàárín bí ojú, nítorí òun ni ọ́dítọ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè.

Láti ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, ẹ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá tó ń mójú tó ìpo-ọ̀dà. Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ ìpò kankan (ọ̀dà tí wọ́n pò lẹ́ẹ̀kan náà ni à ń pè ní ìpò) tí wọn kò ní lè rọ sínú rọ́bà kí ọjọ́ Ẹtì tó tán. Ọ̀nà tó dára jù láti ka ọ̀dà inú míkísà ni kí ọ̀dà kankan má sí níbẹ̀. Gbogbo àpò tí wọ́n ti já, gbogbo dírọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ṣí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, kí wọ́n dá a padà sí sítọ́ọ̀ pẹ̀lú ìwé. Ibí yìí ni ọjà ti ń sọnù lójú ọ̀pọ̀ akọ́ńtáǹtì: lórí káàdì sítọ́ọ̀, ó ti jáde, nínú ìwé ìpo-ọ̀dà, kò tíì wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á.

Lẹ́yìn èyí ni gígé ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ̀yin fúnra yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀: ìwé tí sítọ́ọ̀ fi gba ẹrù wọlé, ìwé tí wọ́n fi bèèrè èròjà, ìwé tí ìdí míkísà fi kó ọ̀dà tó ti pé fún sítọ́ọ̀, àti wébíìlì tó kó ọjà jáde. Ẹ ṣe ẹ̀dà márùn-ún tó kẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí sítọ́kípà àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí ohun gbogbo tó ní ìwé ṣáájú nọ́ńbà wọ̀nyí ti wọ kọ̀ǹpútà, kí ohunkóhun tó bá wá lẹ́yìn rẹ̀ má tíì wọ̀ ọ́.

Ẹ wo bó ṣe ń bà jẹ́. Mọ́tò kan kó calcium dé ní agogo márùn-ún ọjọ́ Ẹtì, wọ́n já a sílẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé ti lọ, kò kọ ìwé ìgbẹ́rùwọlé títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ kà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n: calcium lé. Ní ìdà kejì, oníbàárà sanwó, wọ́n kọ ínfọ́ìsì àti wébíìlì fún un, ṣùgbọ́n mọ́tò rẹ̀ kò dé, ọ̀dà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá kà á mọ́ ti yín, ẹ ti ka ohun tí ẹ ti tà. Ẹ to irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí igun kan, ẹ fi téèpù pupa yí i ká, ẹ kọ «Ẹ má kà á» sí i lára gàgàrà. Mọ́tò tó bá kó ẹrù dé nígbà tí ìkàyé ń lọ, kó dúró síta géètì, kí wọ́n má já a.

Ẹni tí yóò kà, àti ìwé tí yóò kọ sí

Ẹni méjì méjì ni: ẹnì kan ń kà, ó ń pe iye àti irú rẹ̀ sókè, ẹnì kejì ń kọ, ó ń tún un pè padà kó tó kọ ọ́. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó mọ èròjà, tó lè fojú dá Nitrosol, ìyẹ̀fun tó ń mú ọ̀dà ki, mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun mìíràn. Kí ìkejì wá láti ọ́fíìsì tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú sítọ́ọ̀. Sítọ́kípà kò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń kà. Kì í ṣe pé a fura sí i. Ó ti mọ iye tó wà lórí káàdì rẹ̀ lórí, bó bá sì ti ka àpò 78 níbi tí káàdì ti sọ 80, ojú rẹ̀ yóò wá méjì tó kù rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà ni láti fi ibi tí nǹkan wà hàn, kó sì dáhùn tí wọ́n bá bi í léèrè.

Nítorí ohun kan náà ni ìwé ìkàyé kò gbọ́dọ̀ ní iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ ọjà, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó wà, ìdíwọ̀n rẹ̀, àti àyè òfìfo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń tẹ iye kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ kan «kí iṣẹ́ lè yá». Iṣẹ́ á yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa rí gbà kì í ṣe ìkàyé mọ́. Ẹ̀dà kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ tẹ táàgì tó ní nọ́ńbà tẹ̀léra, kó ní ojú méjì tó ṣeé ya kúrò: èyí àkọ́kọ́ fún ìkàyé àkọ́kọ́, ìkejì fún àtúnkà, kí èyí tó kù dúró lára ẹrù. Ẹ kọ ẹni tó gba nọ́ńbà mélòó sí mélòó sílẹ̀. Ní òpin ọjọ́, gbogbo nọ́ńbà gbọ́dọ̀ padà wálé, títí kan èyí tó ya, èyí tí wọ́n fagi lé, àti èyí tí wọn kò lò. Táàgì kan tó sọnù lè jẹ́ páléètì titanium kan. Bírò ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Tí wọ́n bá ṣìkọ, kí wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pín ilẹ̀ sí àgbègbè, kí ẹni méjì kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ má ṣe pín in ní irú èròjà («ẹ̀yin, ẹ ka titanium»), nítorí wọn yóò máa wá a kiri, ohun tó bá fara pamọ́ sí igun mìíràn yóò bọ́. Àgbègbè ni kí ẹ pín: ohunkóhun tó bá wà nínú ìlà yín, ẹ̀yin ló ni ín.

Bí a ṣe ń ka ohun kọ̀ọ̀kan

Àpò tó wà lórí páléètì rọrùn bí wọ́n bá tò ó dáadáa: márùn-ún ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìpele mẹ́wàá, àpò 50, kílò 1,250. Ẹ yí páléètì ká kí ẹ tó kọ ọ́, nítorí ìpele òkè lè má pé ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kò rí. Òkìtì ńlá tí wọ́n tò sílẹ̀ láìsí páléètì ló léwu. Ojú iwájú rẹ̀ jẹ́ àpò 8, ó wọ inú ní 6, ó ga ní 10, ẹnì kan yóò kàn sọ pé 480. Nígbà náà, ihò lè wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ti fa àpò jáde láti òkè, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì hàn síta. Ẹ má gun orí òkìtì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àpò máa ń yọ̀, ènìyàn sì ti ṣubú láti irú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un tò sórí páléètì lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ìkàyé yóò wá rọrùn.

Ẹ gbé àpò mẹ́wàá sórí òṣùwọ̀n, ní ibi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àpò tí wọ́n kọ kílò 25 sí lè má ju 24.3 lọ. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń tà á fún yín ni ẹjọ́ náà kàn. Òṣùwọ̀n náà gan-an, ẹ fi òkúta ìwọ̀n tí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ dán an wò láàárọ̀, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Dírọ́ọ̀mù PVA (èròjà olómi tó ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ògiri) tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já, ìwúwo tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ kọ, ìyẹn ti èròjà nìkan láìka dírọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Èyí tó ti ṣí, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú dírọ́ọ̀mù, kí ẹ yọ ìwúwo dírọ́ọ̀mù òfìfo kúrò: 131 tí a yọ 19 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ kílò 112. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ gbá a lára kí ẹ sọ pé «ó tó ìdajì». Ẹ wọn dírọ́ọ̀mù òfìfo ti oníṣòwò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí ti onírin àti ti rọ́bà kò wúwo bákan náà.

Rọ́bà òfìfo, ìdérí àti ìwé àmì, ìwọ̀n ni ẹ ó fi kà wọ́n. Ẹ ka 50 rọ́bà lítà mẹ́rin ní ọwọ́, ẹ wọ̀n wọ́n. Tó bá jẹ́ kílò 9, gíráàmù 180 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkìtì tó wọn kílò 41.4 jẹ́ 230. Ẹ ka ìdérí lọ́tọ̀ sí rọ́bà: rọ́bà 2,000 tí ìdérí 1,400 wà fún yóò gba ọ̀dà 1,400 péré.

Ọ̀dà tó ti wọ rọ́bà, tó ti di ọjà, ẹ kà á ní àwọ̀ àti ní nọ́ńbà ìpò. Nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé mélòó kan láti àárín. Rọ́bà lítà 20 ti emulsion tó wọn kílò 1.45 ní lítà kan yẹ kó sún mọ́ kílò 30 pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Rọ́bà òfìfo tí wọ́n dé lé àárín òkìtì kò ní farahàn fún ojú. Ọwọ́ ló máa mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra gidigidi fún ìdíwọ̀n, nítorí ibí ni àṣìṣe ńlá ti ń wá. Lẹ́nu àwọn tó ń kun ilé, «dírọ́ọ̀mù» ọ̀dà ni rọ́bà lítà 20; lẹ́nu sítọ́ọ̀, dírọ́ọ̀mù PVA ni èyí tó gba nǹkan bíi lítà 200. «Gálọ́ọ̀nù» sì ni rọ́bà lítà mẹ́rin. Tí ẹni tó ń kọ bá kọ «dírọ́ọ̀mù 14» láìsọ èyí tó jẹ́, iye náà lè fi ìlọ́po mẹ́wàá yàtọ̀. Páálí tó ní gálọ́ọ̀nù mẹ́rin nínú náà ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀: páálí 60 ni, àbí gálọ́ọ̀nù 60? Ẹ tẹ ìdíwọ̀n kan ṣoṣo sára ìwé fún ọjà kọ̀ọ̀kan: kílò fún èròjà, lítà fún ọ̀dà tó kù nínú míkísà, ẹyọ fún rọ́bà. Kí ẹnikẹ́ni má yí i padà lórí ilẹ̀. Ọ́fíìsì ni kí ìyípadà ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dà tó kù nínú míkísà

Tí ẹ kò bá lè sọ míkísà di òfìfo, ohun mẹ́ta ni ẹ nílò: ìwé ìpò tó wà lára míkísà, ọ̀pá tí ẹ ó fi wọn jíjìn rẹ̀, àti ìwúwo lítà kan nínú rẹ̀. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró kí ìfófò rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, ẹ wo ibi tó dé. Tí ìdí míkísà bá tẹ́jú, tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ mítà 1.2, tí ọ̀dà sì jìn ní mítà 0.85, ìdajì fífẹ̀ náà, 0.6, ni ẹ ó fi ìlọ́po ara rẹ̀ di 0.36, ẹ ó fi 3.1416 àti 0.85 lọ́ ọ po: 0.961, ìyẹn lítà 961. Tí ìdí rẹ̀ bá rí ṣóńṣó, ìṣirò yìí yóò tàn yín. Ní àkókò tí kò sí iṣẹ́, ẹ da omi tí ẹ ti wọ̀n sínú rẹ̀, lítà 100 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fín àmì sára ọ̀pá. Ọ̀pá yẹn yóò sìn yín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé ìpò sọ. Ká sọ pé ìlànà yín fún ìpò kan ni omi kílò 550, calcium 650, titanium 75, PVA 170, àti àwọn kéékèèké yòókù 20: kílò 1,465 lápapọ̀. PVA ló ń wọlé gbẹ̀yìn. Ìwé tó wà lára míkísà sọ pé wọn kò tíì da PVA sí i. Ṣùgbọ́n kí PVA tó wọlé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bíi lítà 830 lọ, ọ̀pá yín sì ti sọ 961. PVA ti wọlé, àwọn tó po ọ̀dà ló gbàgbé láti kọ ọ́. Bí ẹ bá gba ìwé náà gbọ́ bó ṣe wà, PVA kílò 170 yóò dín ní sítọ́ọ̀, wọ́n yóò sì máa wo ojú sítọ́kípà.

Ìwé ìpò ni ẹ ó fi ṣírò owó rẹ̀. Ọ̀pá wà láti yẹ ìwé wò. Ẹ kò gbọ́dọ̀ kàn mú ìwúwo gbogbo ohun inú míkísà kí ẹ fi owó èròjà lọ́ ọ po. Nínú kílò 1,465 yẹn, 550 jẹ́ omi, ìyẹn ju kílò mẹ́ta nínú mẹ́jọ lọ, omi kò sì ní owó èròjà kankan lórí. Ẹni tó bá fowó calcium sí i ti fi owó lé ọjà tí kò sí.

Ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá mu, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti tún un pò, ẹ kà á lọ́tọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìpò rẹ̀. Irú ọ̀dà yìí ni wọ́n sábà máa ń dà sínú ìpò tuntun láìkọ ọ́, èròjà inú rẹ̀ yóò sì di ohun tí wọ́n ṣírò lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tí kì í ṣe tiyín, èyí tí kò dára mọ́

Ẹ ya ẹrù ẹlòmíràn sọ́tọ̀: ojò lítà 1,000 tí oníṣòwò yóò wá gbà padà, èròjà tó gbé sílẹ̀ pé kí ẹ san owó rẹ̀ bí ẹ bá lò ó, ọ̀dà tí oníbàárà dá padà tí ẹ kò tíì gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù tiyín tó wà níta, bíi èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá yín tà á. Ẹ gba ìwé ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ wọn, ó ní ọjọ́ lórí, ó ní ìfọwọ́sí.

Bí ẹ ti ń kà, ẹ kọ bí nǹkan ṣe rí sára táàgì. Calcium tó ti gba omi tó sì di òkúta, emulsion tó ń rùn, rọ́bà tí àmì àtijọ́ wà lára rẹ̀, wọ́n pé ní iye, ṣùgbọ́n owó wọn kò pé. IAS 2, ìlànà àgbáyé lórí ìṣirò ọjà, ní kí a kọ ọjà sílẹ̀ ní èyí tó bá kéré jù nínú iye tó ná wa àti iye tí a lè rí lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó tó kù láti parí rẹ̀ àti láti tà á. Ọ́dítọ̀ yóò béèrè nípa rẹ̀. ISA 501, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ọ́dítọ̀, ló fi dandan lé e fún wọn láti wà níbi ìkàyé tí ọjà bá jẹ́ owó ńlá nínú ìwé yín: wọn yóò mú ohun mélòó kan láti ilẹ̀ lọ sínú ìwé yín, wọn yóò sì mú mélòó kan láti inú ìwé lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ń kà; wọn kò wá bá yín kà á.

Nígbà tí àlàfo bá jáde

Kí àwọn ẹni méjì mìíràn tún gbogbo ohun tó lówó lórí kà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n má rí iye ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ ṣí iye kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi iye àpò to àlàfo. Ẹ fi owó tò ó. Àpò titanium méjì tó dín lè wọ́n ju ogún àpò calcium lọ. Fún àwọn tó wọ́n jù, ohun tó bá ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni kí ẹ wádìí. Fún àwọn tí kò wọ́n, ẹ lè fàyè gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpinnu yín ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìkàyé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà nígbà tó bá rí èsì.

Bí àlàfo kan bá wà, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n wá a báyìí: ìdíwọ̀n kọ́kọ́, nítorí òun ló yára jù láti rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà ọjà méjì fún èròjà kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀kan ń lé tí èkejì ń dín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwé tó kọjá ìlà tí ẹ gé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpò tó wà nídìí míkísà. Bí gbogbo èyí bá mọ́, ẹ mú ìwé ìpò oṣù mẹ́ta, ẹ ro titanium tí wọ́n kọ pé wọ́n lò pọ̀, ẹ fi wé iye tí ìlànà sọ fún ọ̀dà tó jáde. Tí ìwé ìpò bá pọ̀ ju ìlànà lọ, àtúnṣe ìlànà inú kọ̀ǹpútà ni ẹ nílò, tàbí kí ẹ bá àwọn tó ń po ọ̀dà sọ̀rọ̀ nípa ìdí tí ọ̀dà kò fi bo ògiri pẹ̀lú iye tó wà nínú ìlànà. Ó lè jẹ́ pé titanium tí ẹ ń rà báyìí kò dára tó ti tẹ́lẹ̀. Olè ni kí ẹ fi sí ìparí, lẹ́yìn tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá ti dí.

Lórí pé kí sítọ́kípà san án: ẹ fi Labour Act ilẹ̀ wa, abala 5, han ọ̀gá yín. Agbanisíṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ owó ìtanràn lára owó oṣù òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìpàdánù ni, òfin ní kó jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ dá sílẹ̀ tàbí tó wá láti inú àìbìkítà rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i ní ìwé ṣáájú, kí iye náà sì bọ́gbọ́n mu. Àlàfo lórí ìwé ìkàyé nìkan kò fi ìkankan nínú èyí hàn. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: sítọ́kípà tó bá mọ̀ pé òun ni yóò san gbogbo ohun tó bá dín yóò kọ́ láti máa tọ́jú ohun tó bá lé sí ibì kan, kó lè fi dí ihò lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà, ẹ kò ní rí iye tòótọ́ mọ́.

Àtúnṣe tí ẹ bá ṣe sínú kọ̀ǹpútà, kí ìwé àlàyé wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó fọwọ́ sí i má jẹ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá parí ti ọdún yìí, ẹ má dúró di oṣù Kejìlá mìíràn kí ẹ tó tún ka titanium, PVA àti àwọn àwọ̀: ẹ kà wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Calcium àti rọ́bà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àlàfo ọ̀sẹ̀ kan kò ní ìpò púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó lè tọ́ka sí ìpò náà gan-an, àti ẹni tó wà nídìí míkísà lọ́jọ́ náà.